Bá Mi Ṣe Orogún Mi

Yàrá iṣẹ́ ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bó-Ṣe-Rí kò fẹ̀ ju kí èèyàn méjì dúró, kí ẹ̀kẹta sì máa tọrọ ààyè lọ́wọ́ ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kéékèèké ló ń ṣe níbẹ̀: bọ́ọ̀sì tí àtẹ́lẹwọ́ lè bò mọ́lẹ̀, ọkọ̀ ojú irin tó lè wọ inú bàtà, gbogbo wọn bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lára ti òótọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ẹ̀rọ tó fi ń lọ irin ń ké, ó ti di òwú sí etí rẹ̀ méjèèjì, ó tẹrí mọ́lẹ̀, kò sì mọ ìgbà tí ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aránṣọ wọlé, tòun ti báàgì lápá àti téèpù aránṣọ lọ́rùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ níbẹ̀ yẹn o!"

Bó-Ṣe-Rí pa ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n kò rántí òwú. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Kí la lè ṣe fún yín?"

"Ọmọ mi, orogún mi ni mo fẹ́ kí o bá mi ṣe."

Ó wo ojú Ìyá Aránṣọ. Ojú náà tutù pẹ̀sẹ̀ bí ojú ẹni tó wá ra abẹ́rẹ́.

"Kí lẹ wí, Mà?"

"Orogún mi! Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tìrẹ."

"Ta... ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin tó ń ta wáyà ní ìkóríta. Ó ní bí o bá ṣe é tán, á kéré débi pé màá lè gbé e sórí tábìlì, màá kàn máa nu eruku ara ẹ̀."

"Màmá, ẹ ṣi ilé. Iṣẹ́ ọwọ́ lèmi ń ṣe. Mi ò ṣe ìkà fún ọmọ èèyàn rí."

"Má fara pamọ́ fún mi. Wọ́n ní o bá tíṣà kan ṣe tiẹ̀, inú gíláàsì ló wà títí dòní."

Bó-Ṣe-Rí ronú títí, kò rí obìnrin kankan nínú gíláàsì kankan. Ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn, ó di etí tábìlì mú.

"Ẹ jókòó ná, Mà. Ẹ mí kanlẹ̀. Kí lobìnrin yìí fi ṣe yín gan-an?"

"Kí ni kò fi ṣe mi? Mo bá a nílé. Ọjọ́ tí mo wọlé ọkọ, òun ló wà lábẹ́ òrùlé, èmi àti ẹrù mi la wà nínú òjò. Bílẹ̀ bá ti mọ́, ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọkọ mi á kọ́kọ́ lọ. Á fi aṣọ funfun nù ún lára látòkè délẹ̀, á fi òróró pa á ní oríkèé. Èmi tí ẹ̀yìn ń dùn, kò fi òróró kàn mí rí."

"Ó mà ṣe o! Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Àṣá."

"Ẹ má bú u, Mà. Bó tilẹ̀ jẹ́ aṣa, orúkọ ẹ̀ ni mo béèrè."

"Orúkọ náà ni mo sọ. Ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó tún yà á sí i nímú, kí gbogbo ayé lè máa rí i."

"Ó kọ aṣa sí i nímú?"

"Ó yà á! Pẹ̀lú ìyẹ́ àti èékánná."

Bó-Ṣe-Rí nu iwájú orí. Ó rò ó pé bóyá bí òun bá ń bá a sọ̀rọ̀ lọ, inú rẹ̀ á rọ̀. "Ṣé obìnrin náà lẹ́wà ni?"

"Ká sòótọ́, ó lẹ́wà, bó tilẹ̀ jẹ́ orogún. Ó gùn gbọọrọ. Imú ẹ̀ tín-ín-rín, ó ṣáájú ẹ̀ dé ibikíbi tó bá ń lọ. Ìdí ẹ̀ lẹlẹ́dàá kó gbogbo ẹ̀ sí. Ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ki pọ́pọ́."

"Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn? Ẹsẹ̀ mélòó ló ní?"

"Mẹ́rin. Mélòó lo fẹ́ kó ní?"

Bó-Ṣe-Rí fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri.

"Àbùkù ẹ̀ kan ṣoṣo ni ọtí," Ìyá Aránṣọ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀ ló ń mu epo. Òun, rárá. Àfi ọtí, èyí tó ta gan-an."

"Àwọn wo ló ń mu epo, Mà?"

"Bó bá ti mu ún yó, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á fi igbe ta, á máa tu iná lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Ìgbà yẹn lọkọ mi á wá kó sínú ẹ̀."

"Sínú ta?"

"Sínú ọkọ̀ ni!"

"Ọkọ yín kó sínú ọkọ yín?"

"Ọkọ̀!"

"Ọkọ́? Ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko?"

"Ọkọ̀, ọkọ̀! Mọ́tò! Kí ló dí ọ létí ná?"

Bó-Ṣe-Rí fọwọ́ kan etí. Ó fa òwú ọ̀tún yọ, ó fa ti òsì yọ, ó wo méjèèjì lọ́wọ́ bí ẹni tó mú olè méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mọ́tò lorogún yín?"

"Kí ni ìwọ rò pé ó jẹ́?"

"Mọ́tò náà ni, Mà. Mọ́tò náà ni mo rò."

Ìyá Aránṣọ yọ àwọn fọ́tò inú báàgì rẹ̀, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Àyà Bó-Ṣe-Rí fò sókè, tayọ̀tayọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Mọ́tò eré ìje ayé àtijọ́ tó ń fi ọtí líle rìn dípò epo ni, irú èyí tí wọn kì í fi yípo pápá, tó jẹ́ pé méjì á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lójú títì tó nà tààrà, wọ́n á ju àsíá sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ. Fọ́tò náà kò ní àwọ̀ lára, ṣùgbọ́n imú gbọọrọ yẹn wà níbẹ̀, táyà ẹ̀yìn tó ga dé àyà èèyàn, àti ọkùnrin gíga kan tó fara ti mọ́tò náà, tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ni ayé.

"Ọkọ mi nìyẹn," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Kò sẹ́ni tó lè bá a lójú títì nígbà náà."

"Ẹ rí i bó ṣe ń gba ife ẹ̀yẹ?"

"Mi ò rí i. Mo sín."

"Báwo?"

"Eré ńlá tó gbẹ̀yìn, ibi tí gbogbo ìlú péjọ sí. Mo dúró, mo lajú. Wọ́n ju àsíá sílẹ̀, mo sín. Nígbà tí mo máa lajú padà, wọ́n ti ń gbé e jó. Dòní olónìí, ó gbà pé mo mọ̀ọ́mọ̀ sín ni."

Bó-Ṣe-Rí kò gbọ́ tán. Ó ti gbé awò rẹ̀ sójú, ó ń wo fọ́tò bí dókítà ṣe ń wo ọ̀fun. "Ìdá kan nínú mẹ́rìnlélógún ni màá ṣe é."

"Ìda? Ìda oyin? Ṣé kò ní yọ́ bóòrùn bá mú?"

"Ìdá, Mà, kì í ṣe ìda. Ohun tó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún lára ti òótọ́, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ló máa gùn lára tiwa."

"Gbogbo nǹkan ẹ̀ lo máa dín kù báyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀, tó fi dórí ìdè irin tó kéré jù."

"Irọ́ tí ọkọ mi ń pa nípa ẹ̀ ńkọ́?"

"Irọ́?"

"Lọ́dọọdún ló ń gùn sí i. Bí o bá lè dín in kù sí ìdá yẹn náà, inú mi á dùn."

"Kò sí irọ́ nínú iṣẹ́ tèmi, Mà. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ ni mo ń ṣe é. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Ìyá Aránṣọ wò ó bí ẹni tó fẹ́ sọ nǹkan. Ó fi àwọn fọ́tò sílẹ̀ fún un, ó kó báàgì rẹ̀, ó lọ.

Báyìí ni Bó-Ṣe-Rí kó sẹ́nu iṣẹ́. Ó tẹ wáyà bàbà, ó fi ṣe páìpù èéfín. Ó gé rọ́bà àtẹ́lẹ̀ bàtà, ó fi ṣe táyà ńlá ẹ̀yìn. Okùn ìránṣọ ló fi ṣe wáyà iná tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì, awọ ìbọ̀wọ́ tó ti gbó ló fi ṣe ìjókòó. Ó wọn páìpù, ó tún un wọn, ó wo fọ́tò, ó tú u, ó tún un tẹ̀, nítorí nínú gbogbo iṣẹ́ náà, àwọn páìpù yẹn ló gbà á lára jù. Nígbà tí ìyá náà padà wá, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti ń yún un láti ṣe fọ́nńté.

"Ó ku ẹyọ nǹkan kan péré, Mà. Aṣọ tí wọ́n máa ń dì sídìí ẹ̀, tó máa ń ṣí gbàgà bí agboòrùn láti dá a dúró. Mi ò rí aṣọ tó fẹ́lẹ́ tó."

"Mo mú un wá." Ó na àjákù aṣọ funfun kan sí i, tó fẹ́lẹ́ bí èèmí. "Aṣọ ìgbéyàwó mi ni."

"Ká má rí i! Mi ò lè gé aṣọ ìgbéyàwó yín, Mà."

"Ọkọ mi ti gé e kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹ. Kí lo rò pé ó fi ń dá mọ́tò dúró nígbà náà? Ó ní òun fẹ́ yá a lọ́jọ́ kan."

"Ó dá a padà?"

"Ó dá a padà. Pẹ̀lú ọ̀rá ẹ́ńjìnnì, pẹ̀lú eruku, pẹ̀lú ife. Mi ò mọ èyí tí màá bá a jà lé lórí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

Ojú Bó-Ṣe-Rí tàn bí àtùpà. "Ìyẹn ni pé aṣọ tó wà lára ti òótọ́ gan-an, òun náà ló máa wà lára tiwa? Màmá! Irú èyí ò bọ́ sí mi lọ́wọ́ rí!"

Lójú ẹsẹ̀, ó gé e, ìyá rán an, ó dì í mọ́ ìdí mọ́tò. Ó gbé e sáàárín tábìlì, ó sì sún sẹ́yìn kí ìyìn lè ráyè kọjá.

Ìyá Aránṣọ fi ìka kan kan imú mọ́tò náà, níbi tí àṣá na ìyẹ́ sí. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Orogún mi nìyí," ló wí jẹ́jẹ́. "Kò darúgbó. Èmi nìkan ni mo darúgbó." Ó nu ojú. "Kò dáa."

"Kí ni kò dáa?"

"Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀."

"Ẹ ṣeun, Mà!"

"Mi ò yìn ọ́ o. Mo ní kò dáa. Bá mi bà á jẹ́ díẹ̀."

Bó-Ṣe-Rí yára fọwọ́ kan etí rẹ̀ méjèèjì. Òwú kò sí níbẹ̀.

"Gbọ́, ọmọ mi," ni Ìyá Aránṣọ wí, ó sì jókòó. "Ọkọ mi yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, egungun ìbàdí ẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n tò ó, ó jinná. Dókítà ní kó dìde kó máa rìn, pé bí kò bá rìn báyìí, kò ní rìn mọ́ láyé. Ó kọ̀. Ó ní kí lòun fẹ́ rìn lọ wò? Mo gbé oúnjẹ jìnnà sí i, ó ní ebi ò pa òun. Mo gbé rédíò lọ sí pálọ̀, ó ní òun ti gbọ́ ìròyìn tó. Mo figbe bọnu pé ilé ń jó."

"Kí ló wí?"

"Ó ní kí n máa sá lọ ná, òun ń bọ̀."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Bó-Ṣe-Rí, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ ìyá náà. Ó ń lọ́ téèpù ọrùn rẹ̀ mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń lọ́ ọ.

"Bó bá rí Àṣá báyìí, Mà, ayọ̀ á gbé e dìde."

"O ò mọ ọkọ mi. Ayọ̀ á tẹ́ ẹ mọ́ bẹ́ẹ̀dì pẹrẹsẹ ni. Á máa wò ó lókèèrè, omijé á máa bọ́, inú ayọ̀ yẹn ló sì máa kú sí. Ìbínú ló ń gbé ọkọ mi dìde. Ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, ojú bọ̀rọ̀ kọ́ la ó sì fi gba ọkọ mi lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì. Fi àṣìṣe kan sí i. Ńlá. Tó máa ká a lára débi tó fi máa dìde wá nàka sí i."

"Èmi? Kí n mọ̀ọ́mọ̀ ṣi iṣẹ́ ṣe? Màmá, Bó-Ṣe-Rí ni wọ́n ń pè mí!"

"Kí wọ́n pè ọ́ ní Bí-Kò-Ṣe-Rí fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò ní pa ọ́."

Ó rìn lọ sójú fèrèsé. Ó rìn padà. Kò gbà á ju ẹsẹ̀ díẹ̀ lọ, yàrá náà kò fẹ̀. "Ó dáa. Màá yí ìdè kan sódì."

"Ìdè? Ọkùnrin tí kì í rí gíláàsì tó wà lójú ara ẹ̀?"

"Màá pààrọ̀ àwọ̀ awọ ìjókòó."

"Àwọ̀ awọ, awọ àwọ̀, ìdí ló ń jókòó lé e, ojú kọ́. Gbé àkàbà lé e lórí."

"Àkàbà!"

"Tàbí kí o kọ 'takisí' sí i lára."

Bó-Ṣe-Rí di àyà mú. "Màmá, ẹ máa pa mí síbí."

"Ó dáa, mo ti rí i." Ìyá Aránṣọ na ìka sí imú mọ́tò. "Pa àṣá yẹn rẹ́. Ya adìyẹ síbẹ̀."

Bó-Ṣe-Rí fi ọwọ́ bo àṣá náà.

"Adìyẹ," ni Bó-Ṣe-Rí wí, bí ẹni tó ń tọ́ oògùn wò.

"Ọkọ mi kò fẹ́ràn adìyẹ. Ọ̀kan lé e dé ilé ìwé nígbà tó wà lọ́mọdé."

"Ẹ jẹ́ kí n ya àkùkọ, Mà. Àkùkọ ṣì níyì díẹ̀."

"Abo."

"Àkùkọ kékeré. Tó dorí kodò."

"Abo adìyẹ, tó ń sàba, pẹ̀lú òròmọdìẹ mẹ́rin."

"Ẹ jọ̀ọ́, abo náà, mo gbà. Ẹ yọ òròmọdìẹ."

"Mẹ́ta."

"Ẹyọ kan, Mà. Ẹ ro ti àwọn ọmọ mi."

"Méjì. Mi ò ní sọ̀ kalẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Bó-Ṣe-Rí mú búrọ́ọ̀ṣì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti mọ́ rere kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe búburú. Kò pẹ́ tó fi yíjú padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìyẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi àmì funfun bíńtín sínú ẹyinjú adìyẹ kí ó lè máa dán. Nígbà tó parí, adìyẹ náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó wá jẹun ni.

"Ó tún dára jù," ni Ìyá Aránṣọ ń kùn sínú, bó ṣe ń gbé mọ́tò náà jáde. "Ọkùnrin yìí ò lè ba nǹkan jẹ́. Ó kàn ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ sí i ni."

Láti ọjọ́ náà, Bó-Ṣe-Rí kò gbádùn. Bó bá jókòó, adìyẹ á wá sí i lọ́kàn. Bó bá fẹ́ jẹ ẹyin, kò ní lè jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀kùn wá ṣí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, tí Ìyá Aránṣọ wọlé, kò jẹ́ kó kí òun tán.

"Ó dìde?"

"Jẹ́ kí n mí."

"Ẹ mí, Mà. Ó dìde?"

Ìyá Aránṣọ jókòó, ó bọ́ bàtà, ó fọwọ́ ra ẹsẹ̀. "Mo gbé e sórí tábìlì tó wà níkangun yàrá. Ó ní, kí nìyẹn? Mo ní, Àṣá ni. Ó wò ó. Ó wá gíláàsì ojú, ó wọ̀ ọ́, ó tún un wò. Ó ní, adìyẹ nìyí. Mo ní, ẹ̀n-ẹ́n?"

"Ó bínú!"

"Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín o! Bẹ́ẹ̀dì ń dún, èmi náà rò pé egungun yẹn á tún ṣẹ́. Ó ní adìyẹ náà wuyì, ó ní ká ní òun ti yà á nígbà náà ni, ẹ̀rín nìkan ì bá ti pa àwọn tó ń bá òun díje lójú títì. Ó yí ẹ̀gbẹ́ padà, ó sùn."

Bó-Ṣe-Rí kò mọ èyí tí ì bá ṣe, yálà kó sunkún nítorí ẹsẹ̀ bàbá, tàbí kó yọ̀ nítorí adìyẹ. "Ó ní ó wuyì?"

"Ó ní ó wuyì. Mo ní ó parí nìyẹn. Mo wọ kíṣìnì lọ́jọ́ kejì, mo ń gbé omi kaná, mo gbọ́: gbì. Mo dúró. Gbì. Gbì. Mo ní, olè ti wọlé, mo mú ìkòkò lọ́wọ́, mo lọ bá a. Ọkọ mi ni! Ó di etí tábìlì mú, ó ń gbọ̀n, ojú ẹ̀ pọ́n. Lórí ìdúró o!"

Bó-Ṣe-Rí fò dìde, ó pàtẹ́wọ́. "Mo mọ̀! Adìyẹ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ká a lára ni!"

"Kì í ṣe adìyẹ."

"Kí wá ni?"

"Àwọn páìpù èéfín."

Ọwọ́ tó fi ń pàtẹ́wọ́ dúró lófuurufú.

"Ó ní o kọ wọ́n sẹ́yìn. Ó ní sánmà ni wọ́n kọjú sí lára ti òótọ́. Ó ní òmùgọ̀ wo ló ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé ṣé ìkòkò ìdáná ló ń ṣe ni?"

"Ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú sí!" Ohùn Bó-Ṣe-Rí ga débi pé bọ́ọ̀sì kékeré kan mì lórí pákó. "Gbogbo nǹkan tó wà lára mọ́tò yẹn pátá, adìyẹ nìkan ni irọ́! Páìpù tí mo tẹ̀, tí mo tú, tí mo tún tẹ̀! Fọ́tò náà dà? Òun rèé! Ẹ wò ó! Ẹ̀yìn! Ẹ gbé e lọ fún un kó fojú ara ẹ̀ rí i!"

Ìyá Aránṣọ gba fọ́tò náà. Ó wò ó dáadáa, ó mi orí. Ó ká a, ó tì í bọ àyà, ó sì tún aṣọ ṣe lé e lórí.

"Kò ní rí i."

"Màmá!"

"Bó bá rí i, iyàn tán. Bíyàn bá tán, ó di bẹ́ẹ̀dì. Láàárọ̀, á dìde lọ sídìí tábìlì láti bú ọ. Á rìn padà láti lọ wá èébú tuntun. Á tún dìde. Dókítà ní kó máa rìn lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Nítorí tìrẹ, ó ń rìn lọ́sàn-án náà. Lánàá ó dé ẹnu ọ̀nà ìta, ó dúró níbẹ̀, ó ń ṣàlàyé ìwà òmùgọ̀ ẹ fún aládùúgbò."

"Ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo ṣe, Mà."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo máa ń dúró lẹ́yìn mọ́tò náà. Ojú mi ni gbogbo èéfín yẹn ń gbà."

Bó-Ṣe-Rí jókòó jẹ́jẹ́. Orúkọ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ ló ń wó lulẹ̀ lẹ́nu ọkùnrin tí òun kò tíì rí rí, kò sì sí ohun tí òun lè ṣe. Ó wo ojú àyà Ìyá Aránṣọ, níbi tí ẹ̀rí rẹ̀ wà. Kò sí ọmọlúwàbí tó lè nawọ́ síbẹ̀.

"Ó ti ń rìn dáadáa?" ló béèrè níkẹyìn, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ó ń rìn bí ẹni tó ń lọ jà."

Ó mí kanlẹ̀. Ó gbé ẹnu rọ́ sọ́tùn-ún, ó gbé e rọ́ sósì, ọ̀rọ̀ náà kò fẹ́ jáde. "Ó dáa. Ẹ bá mi sọ fún un pé... pé mo ṣì í ṣe. Pé sánmà ló yẹ kí n kọ wọ́n sí."

"Ká má rí i! Ṣé o fẹ́ pa á ni? Bí o bá gbà fún un, kí ló kù tó máa dìde fún? Jiyàn! Jiyàn gidi! Má kàn borí ni."

"Kí n jiyàn, kí n má borí? Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Èmi. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọkọ."

Wọ́n gbọ́ nǹkan níta. Gbì. Ó dákẹ́ díẹ̀. Gbì, gbì.

Bó-Ṣe-Rí rọra dìde. "Kí nìyẹn, Mà?"

"Ọ̀pá ọkọ mi ni. Ó ní òun ń bọ̀ fúnra òun wá kọ́ ọ níṣẹ́. Èmi kàn sáré ṣáájú wá sọ fún ọ ni."

"Láti ilé yín? Pẹ̀lú ẹsẹ̀?"

"Mo ní ká wọ takisí, ó ní ìbínú òun á lọ sílẹ̀ kó tó débí."

Gbì, gbì, gbì. Òjìji gíga kan dé ojú gíláàsì ilẹ̀kùn, ó gbé ọ̀pá sókè. Bó-Ṣe-Rí wo ilẹ̀kùn, ó wo fèrèsé ẹ̀yìn, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí irinṣẹ́, ó ti orí bọ ojú fèrèsé. Ìyá Aránṣọ fò dìde láìwọ bàtà, ó gbá a mú ní ṣòkòtò.

"Má sá o, ọmọ mi, jọ̀ọ́! Bí o bá sá, á fi eré lé ọ, dókítà ò sì tíì ní kó sáré!"